Fèrèsé Ìsanwó

Ojú fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí,
fèrèsé onírin tó ní ihò róbótó nísàlẹ̀,
tí owó ń gbà wọlé, tí rìsíìtì ń gbà jáde.
Ọdún mọ́kànlá rèé, ní ọsibítù àwọn ọmọdé, ní Àkúrẹ́.
Iṣẹ́ mi ò ju gbólóhùn kan lọ:
"Màmá, kò tíì pé."

Mo ti sọ ọ́ fún àgbẹ̀ kan tó ti Ìdànrè wá nínú òjò,
tó ń ṣí owó tó rin gbindin kúrò lára ara wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo ti sọ ọ́ fún tíṣà tí ìjọba jẹ lówó oṣù mẹ́ta.
Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń sọ ọ́.
Jẹ́jẹ́ kì í dín gbèsè kù.

Lóṣù Ọ̀wàrà, obìnrin kan dé láti Ìta-Ògbólú.
Ó pọn ọmọ ọdún mẹ́rin bí ẹni pọn ìkókó.
Ètè ọmọ náà dúdú bí ẹni tó lá íńkì.
Dókítà ní ihò wà nínú ọkàn rẹ̀,
ihò tí kò ju orí ìṣó lọ.
Mo gba káàdì. Mo wo orúkọ:
Ọmọ́boríowó.
Mo wo iye tó wà nísàlẹ̀ ìwé.
Ojú tì mí láti pe orúkọ náà sókè.

Ìwé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi,
ìwé ọlọ́gọ́rin ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já.
Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ síbẹ̀:
Fọkanáísà kan ní Òkè-Àró, ẹgbẹ̀rún kan náírà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì.
Àwọn tó jọ jáde ní ilé-ìwé kan, ẹ̀rọ atẹ́gùn méjì, ọ̀kan ò ṣiṣẹ́.
Àwọn tó ń wọn kòkó ní Ìdànrè, owó odidi àpò kan.
Opó kan, tó ní kí n ṣáà kọ "Ẹnìkan",
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, tó dì sínú ewé ìwé ìṣirò
ọmọ rẹ̀ tó sùn kẹ́yìn ní bẹ́ẹ̀dì keje.
Ará òkè òkun kan, owó ńlá,
pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Wọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n gbé mi sí nígbà kan."

Mi ò ní purọ́. Kì í tó gbogbo wọn.
Lọ́jọ́ tí Bọ́sẹ̀dé nílò rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló kù níbẹ̀.
Owó òkè òkun yẹn dé ní ọjọ́ kẹta tí a sin ín.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe dé,
ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo dé ibi déètì.

Ti ọmọ Ìta-Ògbólú, a ṣà á jọ láti ewé dé ewé,
ti opó, ti oníkòkó, ti ọjọ́ Ẹtì mélòó kan,
kò sí èyí tó mọ èkejì,
títí mo fi kọ ohun tí bírò mi ò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa
sórí káàdì náà: Ó ti pé.

Ìyá rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ní, "Ta ló san án?"
Fọkanáísà dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà,
dúdú táyà ní èékánná, ẹgbẹ̀rún kan ní ìkúùkù.
Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀,
mo fi mọ́tò oníbàárà sílẹ̀ lórí jáàkì."
Ó yà fún un.
Mo tẹjú mọ́ ìwé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lánàá, ọmọ náà wá sí ojú fèrèsé.
Ètè rẹ̀ ti pupa. Orí àpá náà yọ lọ́rùn ẹ̀wù.
Ó ti ọwọ́ bọ ihò tí owó ń gbà,
ó ń tá ọwọ́ kiri lórí tábìlì mi, ó ń wá súwíìtì.
Mo ní, "Kí lorúkọ ẹ?"
Ó pè é débi tí nọ́ọ̀sì fi yọjú láti wọ́ọ̀dù,
ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún un,
ó sì tún na ọwọ́ náà.